Iná Kékeré Àyà Tíṣà Ààrá

Bí ẹ bá pàdé obìnrin kan tó ga, tó ń rìn bí ẹni tí ọkọ̀ fẹ́ fi sílẹ̀, tó sì máa ń fọwọ́ kan àyà kó tó la ẹnu sọ̀rọ̀, ẹ má bi í pé ṣé àyà ń dùn ún. Wọ́n ti bi í títí ó ti sú u. Nọ́ọ̀sì kan tilẹ̀ fi tipátipá wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Àyà rẹ̀ le ju tèmi lọ. Ìka tó fi ń kan àyà yẹn, bọ́tìnnì ló ń wá, bọ́tìnnì náà kì í sì í sí níbẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Mo mọ ibi tí àṣà náà ti bẹ̀rẹ̀, torí ọ̀ràn ilé mi ló bí i.

Tíṣà Ààrá ni àwọn ọmọ ilé-ìwé ń pè é lẹ́yìn, òun náà sì mọ̀. Ó ní orúkọ náà wu òun ju èyí tí bàbá òun sọ òun lọ. Awakọ̀ akẹ́rù ni bàbá ọ̀hún. Nílé wọn, ẹni tí ohùn rẹ̀ ò bá borí ẹ́ńjìnnì, ebi ni yóò pa á sùn, torí kò sẹ́ni tí yóò gbọ́ pé kò tíì jẹun. Nígbà tó wá di olùkọ́, kíláàsì abẹ́ páànù ni wọ́n fún un, ọmọ kún un dé ẹnu ọ̀nà. Bí òjò bá ń lu páànù, àwọn olùkọ́ yòókù á káwọ́ lérí, wọ́n á ní ó di ìgbà tó bá dá. Òun kì í jókòó. Á máa bá òjò figagbága títí ọ̀kan nínú wọn á fi rẹ̀. Ìyá oníbúrẹ́dì tó wà lódìkejì títì sọ fún mi pé òun ò wọ kíláàsì rí láyé òun, àmọ́ òun mọ ìlọ́po méje dópin, ohùn obìnrin yẹn ló kọ́ òun níbi tí òun ti ń ta búrẹ́dì.

Ẹ má rò pé ìbínú ló ń fi ohùn ṣe. Ọ̀ṣọ́ rẹ̀ ni. Bí ẹlòmíràn ṣe ń wọ yẹtí jáde, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń wọ ohùn.

Èmi aránṣọ ni mí. N kò kàwé lọ títí, ẹ̀rọ tí mo sì mọ̀ kò ju ẹ̀rọ ìránṣọ mi lọ. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni mo bí. Àìsàn gbé e lọ nígbà tí òjò ọdún kan bẹ̀rẹ̀, ó sì fi ọmọ tirẹ̀ sílẹ̀ fún mi, ọmọ tó ń rìn bí ológbò, tí a fi ń pè é ní Jẹ́jẹ́. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí Jẹ́jẹ́ ni etí rẹ̀ ò ti gbọ́ dáadáa. Ẹ̀rọ etí méjì ló ń lò, ọ̀kan lẹ́yìn etí ọ̀tún, ọ̀kan lẹ́yìn tòsì, pẹ̀lú ike rírọ̀ tí wọ́n wọn ihò etí rẹ̀ kí wọ́n tó ṣe. Orí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn ni ìyá rẹ̀ ti kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń nu ike náà, bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ bátìrì rẹ̀ tí kò tóbi ju ọmọ bọ́tìnnì ẹ̀wù lọ, bí wọ́n ṣe ń fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹ̀rọ náà létí: tó bá súfèé, ó ń ṣiṣẹ́, tó bá dákẹ́, bátìrì ti kú. Ọmọ mi gbé ẹ̀rọ náà lé mi lọ́wọ́. Ó ní, “Màmá, ẹ má jẹ́ kómi kàn án o. Ohun yòówù kó ṣẹlẹ̀, omi ò gbọdọ̀ kàn án.” Kò bá mi sọ̀rọ̀ ogún, kò bá mi sọ̀rọ̀ ìsìnkú. Ọ̀rọ̀ omi ló bá mi sọ. Mo di ọ̀rọ̀ náà mú bí ẹni di okùn kànga mú.

Ẹ̀rọ etí nìkan ò tó ní kíláàsì. Níbi tí ọmọ pọ̀ sí, gbogbo ariwo ló ń wọlé pọ̀: àga tó ń fá ilẹ̀, ikọ́, ìwé tó ń ya, ohùn olùkọ́ á wá wà láàárín wọn bí abẹ́rẹ́ tó bọ́ sínú ẹrù aṣọ. Ìdí nìyí tí iléeṣẹ́ ẹ̀kọ́ fi yá ilé-ìwé náà ní máíkì kan. Kò tóbi ju páálí ìṣáná lọ. Olùkọ́ á gbé e kọ́ ọrùn, á sinmi lé e láyà. Ohun tó bá sọ, inú etí ọmọ náà ni yóò balẹ̀ sí, kò ní yà níbì kankan, bíi pé olùkọ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn létí. Ìbáà kọ ẹ̀yìn sí i, ìbáà wà lódìkejì ògiri. Bọ́tìnnì tí wọ́n ń tẹ̀ wà lórí rẹ̀, pẹ̀lú iná kékeré kan. Bó bá tan àwọ̀ ewé, ó ṣí. Bó bá pupa, ó ti padé.

Yíyá ni wọ́n yá a o. Ilé-ìwé mìíràn ń retí rẹ̀. Wọ́n sọ fún wa pé alábẹ̀wò kan yóò wá kí sáà tó parí láti dán ọmọ náà wò. Bó bá rí i pé ẹ̀rọ náà ń wúlò fún un, ó dúró. Bí kò bá wúlò, ẹ̀rọ á lọ, Jẹ́jẹ́ náà á sì lọ sí ilé-ìwé àwọn adití tó wà lọ́nà jíjìn, èyí tí wọ́n ń sùn sí. N kò ní bú ilé-ìwé yẹn. Wọ́n ń fi ọwọ́ sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ọ̀rọ̀ tó dán mọ́rán ni, mo ti fojú mi rí i. Ṣùgbọ́n ọmọ náà fẹ́ dúró sí kíláàsì rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ ń pín bẹ́ǹṣì. Èmi náà, ká má purọ́, ilé mi ti dákẹ́ tó. Bí ọmọ yẹn bá lọ, ta ni mo fẹ́ máa jí kí?

Ọjọ́ kìíní tí Tíṣà Ààrá gbé máíkì kọ́rùn, Jẹ́jẹ́ délé tòun tọwọ́ létí méjèèjì. Mo fi ẹ̀wù tí mo ń rán sílẹ̀ lábẹ́ abẹ́rẹ́, mo gba ilé-ìwé lọ. Mo bá a lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì, ó ń gbọn ṣọ́ọ̀kì kúrò lára síkẹ́ẹ̀tì.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, tíṣà.”

“Ẹ káàbọ̀, Màmá.” Ó kúnlẹ̀ díẹ̀, àmọ́ ohùn rẹ̀ ò kúnlẹ̀.

“Ẹ ń pariwo sọ́mọ mi létí.”

“Èmi? Èmi ò pariwo, mà. Bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyí.”

“A mọ̀. A ń gbọ́ yín nílé. Àmọ́ nǹkan ọrùn yín yẹn, inú etí rẹ̀ gan-an ló ń gbé yín sí. Bí ẹ bá pariwo, bí ẹni ń lu agbada mọ́ ọn lórí ni. Ẹ rọra máa sọ ọ́, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ nítòsí ọmọ tó ń sùn.”

Ó wò mí bíi pé mo ní kó máa fi ẹsẹ̀ kan rìn. “Àwọn ọmọ yòókù ńkọ́? Tí mo bá fi ohùn jẹ́jẹ́ bá àwọn yẹn sọ̀rọ̀, wọ́n á gùn mí bí àkàbà. Màmá, ohùn tí Ọlọ́run fún mi nìyí.”

“Ọlọ́run kan náà ló fún yín lọ́gbọ́n tí ẹ ó fi dín in kù.”

Ó kọ́kọ́ fẹ́ bínú, ẹ̀rín gbà á mọ́ ọn lẹ́nu. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Bí a ṣe di ojúlùmọ̀ nìyẹn.

Ó gbìyànjú, ẹ jẹ́ n fún un ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ru garawa omi tí kò fẹ́ kó dà sílẹ̀. Àwọn ọmọ kíláàsì dákẹ́ fúnra wọn. Ẹ̀rù ló bà wọ́n, wọ́n rò pé ara rẹ̀ ò yá. Jẹ́jẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn ìbéèrè. Bó bá délé, á máa kó ìtàn dà sílẹ̀ bí ọmọ tó sọ ẹrù kalẹ̀, pẹ̀lú ahọ́n rẹ̀ tó nípọn díẹ̀, á ní tíṣà sọ báyìí, tíṣà sọ báyẹn. Ṣùgbọ́n ohun tó rọ ọmọ lọ́rùn kò rọ olùkọ́ lọ́rùn. Okùn náà ń há a. Ẹni tí kò dín ohùn kù rí wá ń dín in kù láti àárọ̀, ó ń rẹ̀ ẹ́ ju kó pariwo lọ. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì fi ń ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n á ní, “Ìwọ ewúrẹ́ yìí, agogo rẹ ò dún lónìí o.”

Ọ̀sẹ̀ tí alábẹ̀wò fẹ́ wá ni òtútù mú. Tíṣà Ààrá wọ súwẹ́tà tó nípọn, ó de bọ́tìnnì rẹ̀ dé ọrùn. Máíkì wà lábẹ́ rẹ̀. Iná kékeré náà wà lábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú. Gbogbo ẹni tó bá ń gbé nǹkan yìí kọ́rùn ló mọ̀ pé bí ìsinmi bá ti tó, kí o tó gbé ẹsẹ̀ jáde, kí o tẹ̀ ẹ́ pa. Kò rí iná, kò rántí. Ó wọ yàrá àwọn olùkọ́, ó pa ilẹ̀kùn dé. Àwọn àgbà máa ń wí pé ògiri létí. Lọ́jọ́ yẹn ó ní in lóòótọ́, etí méjì, ẹni tó sì ni ín jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní kíláàsì, ó ń jẹ bisikíìtì.

N kò mọ nǹkan kan nípa èyí. Ohun tí mo rí ni pé Jẹ́jẹ́ délé láìsí ìtàn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kò sí ẹ̀rọ lẹ́yìn etí rẹ̀.

“Ẹ̀rọ etí rẹ dà?”

Ó gbé èjìká.

Mo tú bẹ́ẹ̀dì. Mo tú àpò ìwé. Mo fọwọ́ bọnú bàtà. Mo wólẹ̀ wo abẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù títí ẹ̀yìn mi fi ké. Mo rán an lọ sílé-ìwé pẹ̀lú etí lásán, mo jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, n kò lè rán ohun tó tọ́. Alábẹ̀wò ku ọ̀la. Mo ronú nípa omi. Bóyá ó bọ́ sínú garawa, bóyá ó bọ́ sínú gọ́tà. Nírọ̀lẹ́, oníbàárà kan ń dúró kí n bá òun fi bọ́tìnnì kan sára ṣẹ́ẹ̀tì, mo na ọwọ́ sínú agolo tí mo ń kó bọ́tìnnì sí, ọwọ́ mi sì kan ohun rírọ̀ kan tí kì í ṣe bọ́tìnnì.

Ó ti rì wọ́n mọ́lẹ̀ pátápátá, sí ìsàlẹ̀ agolo. Kì í ṣe ohun tó sọ nù. Ohun tí wọ́n sin ni.

Nígbà tí oníbàárà lọ, mo gbé méjèèjì sí àtẹ́lẹwọ́, mo dúró síwájú rẹ̀ kó lè rí ẹnu mi. “Ta ló kó wọn síbẹ̀?”

“Èmi.”

“Kí ló dé?”

“Mi ò fẹ́ gbọ́ mọ́.”

“Kí ni o ò fẹ́ gbọ́?”

“Ohun tí wọ́n ń sọ nígbà tí wọn ò sí níbẹ̀.”

Ó wá sọ ọ́. Kò sunkún. Ó ń sín wọn jẹ ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ohùn tirẹ̀, débi pé bí mo bá di ojú, n bá rò pé àwọn méjèèjì wà nínú yàrá mi. Ọ̀gá àgbà ilé-ìwé, tó ń fi imú sọ̀rọ̀: “Tí ò bá dá alábẹ̀wò lóhùn, a ti gbìyànjú nìyẹn. Kó lọ síbi tí ẹgbẹ́ rẹ̀ wà.” Tíṣà Ààrá, tó fi ohùn gidi rẹ̀ sọ̀rọ̀ torí ó rò pé òun ti bọ́ lọ́wọ́ máíkì: “Kó tiẹ̀ máa lọ kí n sinmi. Ewúrẹ́ tí wọ́n so agogo mọ́ lọ́rùn ni mo dà. Ọmọ yẹn ò tiẹ̀ gbọ́ nǹkan kan, ẹnu wa ló ń wò.”

“Wọ́n wá rẹ́rìn-ín, Màmá Àgbà. Ẹ̀rín náà pẹ́.”

Mo la ẹnu kí n sọ nǹkan. Ó di ojú. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìyẹn fún yín. Ọmọ tí etí rẹ̀ ò gbọ́, ojú ló fi ń gba ọ̀rọ̀. Bó bá di ojú, ó ti ti ilẹ̀kùn nìyẹn, ó sì ti yọ kọ́kọ́rọ́. Ẹ lè dúró síta kí ẹ máa kàn án títí.

Mo lọ bá Tíṣà Ààrá. Ó ku òun nìkan ní kíláàsì, ó ń nu pátákó. Mo ní, “Tíṣà, ẹ jókòó.”

“Màmá, ṣé kò sí o? Mo rí i pé ẹ̀rọ ò sí létí ọmọ lónìí. Alábẹ̀wò sì ń bọ̀ lọ́la.”

“Ewúrẹ́ tí wọ́n so agogo mọ́ lọ́rùn,” ni mo wí.

Aṣọ ìnupátákó dúró lọ́wọ́ rẹ̀. “Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín?”

“Ẹ̀yin.”

“Èmi kọ́, mà. Èmi ò bá yín sọ irú—”

“Ẹ ò bá mi sọ ọ́. Ọmọ mi lẹ bá sọ ọ́. Inú etí rẹ̀ lẹ sọ ọ́ sí, nígbà ìsinmi, lánàá tí ẹ wọ súwẹ́tà.”

Ìgbà yẹn ni mo kọ́kọ́ rí i tí ọwọ́ náà lọ sí àyà. Ó lọ wẹ́rẹ́, ó fọwọ́ kan ibi tí máíkì máa ń wà, ó sì dúró síbẹ̀. Mo rí bí ọjọ́ náà ṣe ń padà sí i lọ́kàn: súwẹ́tà, bọ́tìnnì, ilẹ̀kùn tó fọwọ́ ara rẹ̀ pa dé. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọdé, orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dé àgbọ̀n.

“Mo gbé,” ló wí. Ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Kò sẹ́ni tó ní kó dín ohùn kù.

“Ẹ ò gbé. Ọmọ mi ló gbé. Bó bá fi etí lásán jókòó síwájú alábẹ̀wò lọ́la, wọ́n á mú un lọ.”

“Ẹ jẹ́ n wá bẹ̀ ẹ́.”

Ó tẹ̀ lé mi délé. Ó lóṣòó síwájú Jẹ́jẹ́ kí ojú wọn lè ṣe déédéé. Ọmọ náà wò ó, ó wò ó dáadáa bí ẹni ń wo aṣọ tó fẹ́ rà, ó sì di ojú.

“Jẹ́jẹ́. Jọ̀ọ́.”

Ojú ò là. Tíṣà Ààrá, ẹni tí òjò ò lè borí, kò rí ibi tí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yóò gbà wọlé. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó dìde, eegun orúnkún rẹ̀ dún kọ̀ọ́. Ó kí mi, ó lọ.

Ní òwúrọ̀, mo kó ẹ̀rọ méjèèjì sórí aṣọ funfun, mo nu ike wọn bí wọ́n ṣe kọ́ mi. N kò bẹ̀ ẹ́. Mo ní, “Má wọ̀ ọ́ fún tíṣà. Má wọ̀ ọ́ fún mi. Nígbà tí wọ́n fẹ́ wọn etí rẹ fún nǹkan yìí, ìyá rẹ ò lè dúró mọ́, orí àga ni wọ́n ti gbé e wọlé. Òun ló gbé ọ lé ẹsẹ̀.” Ó wo ẹnu mi títí mo fi parí. Ó na ọwọ́. Fúnra rẹ̀ ló fi wọ́n sí etí. Ṣùgbọ́n kò sọ pé òun máa dáhùn, èmi náà ò sì gbójúgbóyà láti bi í.

Alábẹ̀wò jẹ́ ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń wọ dígí ojú. Èèyàn burúkú kọ́. Ó kí mi dáadáa, ó gbé àga fún mi. Kíláàsì kan tó ṣófo la lò. Ọ̀gá àgbà dúró lẹ́nu ọ̀nà, Tíṣà Ààrá dúró lẹ́bàá ògiri, Jẹ́jẹ́ jókòó síwájú tábìlì kan tí wọ́n to nǹkan sí: ife, sísọ́ọ̀sì, ìwé, rúlà pupa. Alábẹ̀wò gba máíkì, ó lọ dúró sẹ́yìn ọmọ náà, ó fi páálí bo ẹnu.

“Gbé ọwọ́ rẹ sókè.”

Kò gbé e.

“Gbé ife yẹn.”

Kò gbé e. Ojú rẹ̀ wà lórí tábìlì. Mo mọ ọ̀nà tó gbà jókòó yẹn. Bẹ́ẹ̀ ni ìyá rẹ̀ máa ń jókòó bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ fi agbára bọ́ ọ.

“Bóyá bátìrì ti kú,” alábẹ̀wò wí.

Mo dìde, mo fi àtẹ́lẹwọ́ bo etí ọ̀tún. Ó súfèé. Mo bo tòsì. Ó súfèé, ohùn tín-ín-rín bí ọmọ ẹyẹ. “Ó ń ṣiṣẹ́, sà.”

“Ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́, Màmá. Ìyẹn ò sọ pé ọmọ ń gbọ́.” Òótọ́ ló sọ. Ó dán an wò lẹ́ẹ̀kan sí i, ó tún dán an wò. Ó wá yọ bírò láti àpò àyà.

Mo mọ̀ pé ó ń gbọ́. Mo mọ ìdí tí kò fi dáhùn. Kí n tó lè sọ ọ́, mo gbọ́dọ̀ sọ ọ̀rọ̀ yàrá olùkọ́ lójú àwọn tó ni ọ̀rọ̀, ojú ọ̀gá àgbà sì wà lára mi bí áyọ́ọ̀nù gbígbóná. Ta ni yóò gba ìyá arúgbó gbọ́, pé ọmọ gbọ́ ohun tó wà lẹ́yìn ògiri, àmọ́ kò gbọ́ ọkùnrin tó dúró sẹ́yìn rẹ̀? Mo ń wá ibi tí n ó ti bẹ̀rẹ̀. Tíṣà Ààrá ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó fọwọ́ kan àyà.

“Sà, ẹ jẹ́ kí n jáde.”

“Kí ẹ lọ síbo?”

“Síbi ẹ̀rọ omi, lẹ́nu géètì. Kò ní rí ẹnu mi níbẹ̀. Ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ kó ṣe fún mi létí, kí n lọ bá a sọ ọ́ látibẹ̀.”

Alábẹ̀wò rò ó wò. Ó fún un ní máíkì, ó sọ nǹkan kan sí i létí, a ò gbọ́ ọ. Ó jáde, bàtà rẹ̀ ń dún lọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ títí kò fi dún mọ́.

A ń dúró. Fèrèsé yàrá yẹn kọ ẹ̀yìn sí géètì, ògiri nìkan la lè wò. Ojú ọ̀run ti ṣú. Ọmọ náà ò mira. Alábẹ̀wò wo aago. Ọ̀gá àgbà húkọ́ díẹ̀, ó ní, “Sà, ó hàn gbangba pé—” Alábẹ̀wò gbé ọwọ́, ó dá a dúró, torí òun náà ti rí ohun tí mo rí. Jẹ́jẹ́ ti gbé orí. Ó yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó di ètè, ó ń wo ibì kan lára ògiri tí kò sí nǹkan. Ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ń gbọ́ ọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ náà sì gùn ju ohun tí alábẹ̀wò rán lọ.

Bóyá ó ń gbọ́ ọ, tí kò ní gbà á. Ìyẹn ló ń já mi láyà. Ó lè jókòó síbẹ̀ kó jẹ́ kí obìnrin náà sọ̀rọ̀ tán, kó sì jẹ́ kí wọ́n mú òun lọ. Àgídí irú bẹ́ẹ̀ wà nínú ìdílé wa. Mo di etí àga mú.

Ó dìde. Ó gbé rúlà pupa. Ó rìn jẹ́jẹ́ kọjá lára mi, ó bẹ̀rẹ̀, ó fi rúlà náà sábẹ́ àga alábẹ̀wò, ó padà lọ jókòó.

Alábẹ̀wò bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ àga rẹ̀ bíi pé ejò ló wọ ibẹ̀. Ó ní, “Ohun tí mo rán an gan-an nìyí.”

“Ó lè ṣèèṣì, sà,” ọ̀gá àgbà wí. “Ọmọdé máa ń ṣeré báyìí.”

Jẹ́jẹ́ wá la ẹnu. “Tíṣà ń béèrè bóyá kí òun máa bọ̀. Ó ní òjò ti ń pa òun.”

Alábẹ̀wò rìn lọ sẹ́nu ọ̀nà, ó na ọrùn síta. Òjò ń rọ̀ lóòótọ́, irú èyí tí kì í pariwo. Kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ nínú wa, àwa tí etí wa pé.

“Ẹ ní kó máa bọ̀ kíákíá,” ọmọ náà wí. “Omi ò gbọdọ̀ kàn án.”

Mo gbójú sílẹ̀. N kò fẹ́ kí wọ́n rí i.

Tíṣà Ààrá wọlé, omi ń kán láti irun rẹ̀ dé ẹsẹ̀. Ó ti bọ́ súwẹ́tà, ó ti fi wé máíkì, ó gbá a mọ́ àyà bí ọmọ tuntun. Ìyẹn nìkan ló gbẹ lára rẹ̀. Kò sẹ́ni tó dì mọ́ ẹnì kan. Ó kàn dúró níwájú Jẹ́jẹ́, ó sì la ẹnu láti sọ̀rọ̀, Jẹ́jẹ́ sì ń wo ẹnu náà, kò di ojú. Alábẹ̀wò ní kí ẹ̀rọ náà máa wà lọ́dọ̀ Jẹ́jẹ́. Ó mú rúlà lábẹ́ àga, ó fi sórí tábìlì fúnra rẹ̀ kó tó lọ.

Mo rán àpò kékeré kan fún máíkì náà lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, aṣọ rírọ̀ tí kò ní há ọrùn, mo sì fi òwú yí ojú ihò kan níwájú rẹ̀, bí a ti ń ṣe ojú bọ́tìnnì, kí iná lè máa yọjú. Tíṣà Ààrá ò wọ súwẹ́tà lé e mọ́, bó ti wù kí òtútù mú. Ọmọ mìíràn ló ń lo ẹ̀rọ náà báyìí, Jẹ́jẹ́ ti wọ ilé-ìwé gíga, ó ti ga jù mí lọ. Ọ̀gá àgbà kò bẹ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n títí di ọjọ́ tó fẹ̀yìn tì, bó bá ń sọ̀rọ̀ tó sì rí ọmọ mi lọ́ọ̀ọ́kán, á pa ẹnu rẹ̀ dé. Tíṣà Ààrá ló ń sọ èyí fún mi, tí a ó sì jọ rẹ́rìn-ín. Ó máa ń yà sọ́dọ̀ mi bó bá ń lọ sílé. Á dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, á kan àyà, kò ní sí nǹkan níbẹ̀, á wá kí mi pẹ̀lú ohùn tí àwọn ará ẹ̀yìnkùlé máa ń dáhùn.

Lọ́jọ́ alábẹ̀wò yẹn, nígbà tí a délé, mo bi Jẹ́jẹ́ léèrè. “Kí ló ń sọ tó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀?”

“Ó ní òun sọ ọ́. Ó ní òun ò ní sọ pé òun ò sọ ọ́.”

“Ìyẹn nìkan?”

“Ó ní ó rẹ òun lọ́jọ́ yẹn, àmọ́ pé àárẹ̀ kọ́ ló ní kí òun purọ́ pé mi ò gbọ́ nǹkan kan, torí òun mọ̀ pé mo ń gbọ́.” Ó ń bọ́ bàtà. “Ó ní tí mi ò bá gbé rúlà, òun ò ní bínú, àmọ́ kí n ṣáà sọ fún un kó kúrò nínú òjò.”

“Kí ló tún wí?”

“Ìyókù, tèmi ni.”

“Èmi tí mo jẹ́ ìyá ìyá rẹ.”

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì di ojú.